Ohun Tí Bíńtín Jẹ

Ọkùnrin kan tí kò wọ bàtà ń fò lórí ọ̀dà bí ẹni tó tẹ ẹyín iná, níwájú ilé ìtajà oúnjẹ ẹranko kan ní Cypress, lẹ́bàá Houston. Sútánà funfun ló wọ̀. Ó fi ọwọ́ kan ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó fi ọwọ́ kejì gbá ajá kékeré kan mọ́ àyà. Oṣù kẹjọ ni, oòrùn Houston kò sì mọ wòlíì yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà bọ̀ dúró gbagidi, ó la ẹnu sílẹ̀, ó gbàgbé láti pa á dé.

Ìtẹ́olúwa rí i láti inú ilé ìtajà náà, ẹnu ya òun náà. Ó mọ aṣọ yẹn. Ó mọ̀ pé àwọn Aládùúrà kan wà tí kì í wọ bàtà sí sútánà, kódà bí ilẹ̀ ń jó. Ohun tí kò yé e ni ohun tí sútánà ń wá nídìí oúnjẹ ajá. Ìrònú rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí òun sá pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ ológbò, kí àwọn òyìnbó má baà bi òun bóyá òun mọ ọkùnrin náà. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tó ti wà ní Houston láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mọ bí ojú ṣe ń ti èèyàn nítorí ẹlòmíì.

Ọkùnrin náà dúró níwájú ìpanu ajá, tó tò lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin. Ó mú páálí kan, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó kà á, ó dá a padà. Ó mú òmíràn. Nígbà tó yá, ó gbé ajá náà sókè sí ojú ara rẹ̀.

"Bíńtín," ó ní, "èwo nínú gbogbo ìwọ̀nyí ni kò ní pa ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fa Ìtẹ́olúwa jáde.

"Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ mú dání yẹn sílẹ̀, sà. Ìyẹn gan-an ló máa pa á."

Díẹ̀ ló kù kí ọkùnrin náà ju ajá sílẹ̀. Ó yí padà, ó wo obìnrin tó sọ Yorùbá sí i láàárín okùn ajá àti oúnjẹ ẹja. Ó ní Bíyìí lórúkọ òun, Cypress níbí lòun ń gbé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹ̀rọ lòun ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní La Porte. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìsìn, ni dókítà ẹranko fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ajá tí kò yẹ kó ju kílò mẹ́ta lọ ti di kílò márùn-ún, ọkàn rẹ̀ ń ṣe làálàá, bí kò bá sì fọn, kò ní rí ọdún tuntun. Bíyìí kò dúró bọ́ sútánà.

Ìyàwó rẹ̀, Olúwafúnmiláyọ̀, ló ni ajá náà. Ó ti di ọdún mẹ́ta tó ti kú. Láti ìgbà náà, ohun tí Bíyìí bá jẹ ni Bíńtín ń jẹ: ẹran díndín, dòdò, ṣinṣín. Bí ajá náà bá ti fi ojú rẹ̀ méjèèjì wò ó, kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá.

"Òun nìkan ló kù nínú ilé tó mọ ohùn ẹ̀," ó ní, ó sì yí ojú sí ara ògiri.

Ìtẹ́olúwa gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sórí pẹpẹ. Ó sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ẹranko lòun, nílé ìwòsàn kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bísíkíìtì kan péré nínú ikùn Bíńtín dà bí odindi àwo iyán nínú ikùn Bíyìí, àti pé bí a bá pín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sí mẹ́wàá, ìpanu kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan lọ. Elégédé sísè tí kò ní iyọ̀, ó ní. Ápù tí a ti yọ kóró rẹ̀. Karọ́ọ̀tì.

Bíyìí rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ajá wo ló ń jẹ karọ́ọ̀tì? Ajá bàbá òun ní Abẹ́òkúta ìbá pe ẹjọ́. Ìtẹ́olúwa ṣí àpò oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó mú karọ́ọ̀tì kan tí kò ju èékánná lọ, ó nà án sí Bíńtín. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó wo Bíyìí bí ẹni ń béèrè bóyá orí obìnrin yìí pé, lẹ́yìn náà ó rún un wómúwómú, ó tún la ẹnu. Ojú Bíyìí yọ síta.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Ìtẹ́olúwa ní kó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ wa mọ́tò rẹ̀ wá bá a kí ọ̀dà má tún jó o lẹ́sẹ̀.

"Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọkọ yín mọ iyì yín," ni Bíyìí wí.

"Mi ò tíì ní ọkọ, sà."

Ẹ ò rí bí ọkùnrin ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀?

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìpanu ajá ṣe di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bíyìí pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin nítorí elégédé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè láti béèrè bóyá Bíńtín lè jẹ búlúbẹ́rì, wọ́n sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì láì dárúkọ búlúbẹ́rì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò tilẹ̀ fi ajá bojú mọ́. "Ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á jọ mú Bíńtín rìn yí adágún tó wà lẹ́yìn ilé Bíyìí ká. Lákọ̀ọ́kọ́, ajá náà á rìn díẹ̀, á jókòó, á sì retí kí wọ́n gbé òun. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, ó ti ń sáré lé ẹyẹ. Bíyìí a máa gé karọ́ọ̀tì rẹ̀ dọ́gba dọ́gba, Ìtẹ́olúwa a sì bi í bóyá páìpù ló ń gé. Ó sọ̀rọ̀ Fúnmiláyọ̀ fún un, ó sunkún, Ìtẹ́olúwa kò sì ní kó má sunkún.

"Ìtẹ́ mi," ni Bíyìí wí lọ́jọ́ kan létí adágún náà, "mo ti rò pé ọkàn mi ti kú. Àṣé ebi ló ń pa á."

"Ṣé kí n wá se elégédé fún un ni?" ni Ìtẹ́olúwa bi í, ṣùgbọ́n omi ti kún ojú rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Màmá Bíyìí dé láti Abẹ́òkúta láti wá lo oṣù mẹ́ta. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n, àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra, ara wọn sì ṣì le. Àwọn ni yóò máa wà nílé pẹ̀lú Bíńtín nígbà tí Bíyìí bá lọ sí La Porte. Nítorí náà Ìtẹ́olúwa jókòó láti kọ ohun tí ajá náà kò gbọ́dọ̀ jẹ sílẹ̀. Kó má baà dà bí ẹni ń fi Gẹ̀ẹ́sì halẹ̀ mọ́ àgbà, Yorùbá ló fi kọ ọ́, Yorùbá kíkọ kò sì rọrùn fún un. Odindi ọ̀sán ló fi kọ ọ́: àlùbọ́sà, ṣokoléètì, èso àjàrà, egungun adìẹ, ohunkóhun tó bá ní ṣúgà.

Nígbà tó kan èyí tó gbẹ̀yìn, bírò rẹ̀ dúró. Ohun adùn kan wà tí wọ́n ń pè ní xylitol. Kì í ṣe ṣúgà, wọ́n kàn ń fi í rọ́pò ṣúgà ni, kì í pa èèyàn lára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ tó láti pa ajá kékeré. Nọ́ọ̀sì ẹranko kan kò sí tí kò mọ̀ ọ́n. Ìtẹ́olúwa wá orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, kò rí i. Ó gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀, àlàyé náà gùn, ó dojú rú, ojú sì tì í. Ó rò ó pé níbo ni ìyá àgbà láti Abẹ́òkúta ti máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi í sílẹ̀, ó kọ "Ẹ ṣé gan-an, mà" sísàlẹ̀, ó sì lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì.

Màmá ka ìwé náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àyà wọn sì já. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ náà ju ti ajá lọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn pé a kì í jẹun lójú ẹni tó ń wo ẹnu ẹni ká má fún un, ìbáà jẹ́ èèyàn, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́. Wọ́n ní ahun ni ọmọbìnrin náà. Wọ́n ní ẹni tó lè kọ òfin sílẹ̀ nítorí ẹran tí ajá ń jẹ, bó bá di ìyàwó ilé, yóò ka ẹran inú ìkòkò lójú àwọn. Wọ́n sì ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn bá ṣì wà láyé, Bíyìí kò ní fi ahun ṣe aya.

Bíyìí bẹ̀ wọ́n títí, wọn kò gbọ́. Nígbà tó sọ ọ́ fún Ìtẹ́olúwa, ọmọbìnrin náà wakọ̀ kúrò lórí òpópónà márosẹ̀, ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì sunkún níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti pè é ní oríṣiríṣi láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é ní ahun rí.

Ní Sátidé kan, ó tún wá kí wọn. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu dá a lóhùn. Ó ti yan ọ̀dùnkún tó gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá fún Bíńtín, ó fún un ní ẹyọ kan, lẹ́yìn náà òun àti Bíyìí bọ́ sẹ́yìn ilé láti sọ̀rọ̀ ara wọn.

Màmá jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń lá súìtì. Bíńtín wá jókòó síwájú wọn, ó gbé ojú sókè, ó ń wo ẹnu wọn. Màmá yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n, ajá náà tẹ̀ lé ojú wọn. Súìtì náà kò dùn lẹ́nu wọn mọ́. Wọ́n dìde lọ sídìí fíríìjì, wọ́n tún òfin náà kà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣúgà. Wọ́n wo páálí súìtì wọn, èyí tí wọ́n rà ní ilé ìtajà oògùn nítorí àtọ̀gbẹ, ó sì wà gàdàgbà lára rẹ̀ pé kò ní ṣúgà. Inú Màmá dùn. Wọ́n ti pa òfin ahun mọ́, wọn kò sì jẹun lójú ẹni tí ebi ń pa. Wọ́n bó mẹ́ta fún Bíńtín, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Màmá fi kígbe. Bíyìí àti Ìtẹ́olúwa sáré wọlé, wọ́n bá Bíńtín nílẹ̀, ó ti bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbọ̀n, kò mọ ẹni tó dúró tì í. Bíyìí wo ilẹ̀, ó rí èérún ọ̀dùnkún.

"Kí lo fún un?" ó bi Ìtẹ́olúwa.

Ìtẹ́olúwa ti gbé ajá náà, ó ti dé ìdí mọ́tò. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn tí Ìtẹ́olúwa ti ń ṣiṣẹ́, Màmá jókòó sẹ́yìn, wọ́n di báàgì wọn mú. Dókítà Veronica, ọ̀gá rẹ̀, fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Ó ní àfi kí wọ́n tètè sọ ohun tó jẹ. Bíyìí na àpò ọ̀dùnkún tó mú wá láti ilé sí i.

Ìtẹ́olúwa mọ̀ pé ọ̀dùnkún kò lè ṣe èyí. Nígbà náà ló gbọ́ ìró bébà. Ọwọ́ Màmá ti wọ inú báàgì, wọ́n ń bó súìtì òmíràn láìmọ̀. Ó rí páálí náà, ó kà á lára rẹ̀ pé kò ní ṣúgà. Ara rẹ̀ tutù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni tí wọ́n da omi dídì lé lórí. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Màmá.

Ó yára fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún dókítà pé xylitol ni, kò sì tíì tó wákàtí kan. Dókítà gbé ajá sáré wọlé.

"Xylitol? Níbo ló ti rí i?" ni Bíyìí wí.

Ìtẹ́olúwa mọ ọkùnrin yìí. Bó bá gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ni, kò ní bú wọn, yóò kàn dákẹ́ ni. Yóò dákẹ́ títí Màmá yóò fi wọ ọkọ̀ òfuurufú, ìdákẹ́jẹ́ náà sì lè wà láàárín wọn títí ọ̀kan fi kú. Ọkùnrin lè rí ìyàwó mìíràn fẹ́, ìyá kan ṣoṣo ló ní.

"Èmi ni mo fà á," ó ní. "Mo mọ̀ nípa ẹ̀, mi ò sì kìlọ̀ ẹ̀ fún yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí ìwé ara fíríìjì mọ̀ pé kò parọ́.

Bíyìí wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. "Fúnmi fi í sọ́wọ́ mi," ó ní, "èmi náà gbé e lé ẹ lọ́wọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Jọ̀ọ́, má wá sílé mi mọ́."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ni Màmá ti béèrè ohun tí wọ́n ń fún ajá náà nílé ìwòsàn. Bíyìí ní omi ṣúgà ni wọ́n ń fà sí i lára. Màmá ní ṣé ṣúgà tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ náà? Bíyìí dáhùn pé dókítà ní ohun kan wà nínú àwọn nǹkan tí wọ́n ń kọ ọ́ sí lára pé kò ní ṣúgà, pé ohun náà ló gbọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Báàgì orí itan Màmá wúwo lójijì bí òkúta. Wọ́n rántí bí ọmọbìnrin náà ṣe wo ọwọ́ àwọn. Ó mọ̀. Ó mọ̀, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí ọmọ wọn máa ṣe bà wọ́n, wọn kò sì jẹ́wọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bíyìí ní òun ń lọ sílé ìwòsàn. Màmá ní àwọn ń bá a lọ. Nígbà tí wọ́n wọlé, Ìtẹ́olúwa jókòó ti àgò Bíńtín, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rún. Ó dìde, ó sì sọ fún wọn láìgbé ojú sókè pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bà jẹ́, pé ó ti mu omi, pé yóò yè.

Bíyìí kò wo inú àgò.

"Ìwọ ni mo wá wò," ó ní. "Láti àná ni mo ti ń rò ó. Kódà bó jẹ́ ọwọ́ ara ẹ lo fi fún un jẹ, àṣìṣe ni. Mo dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ìwọ náà, jọ̀ọ́, fi orí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi jì mí. Mi ò lè dá wà láìsí ẹ, Ìtẹ́ mi."

Kí Ìtẹ́olúwa tó fèsì, ohun kan bọ́ sórí tábìlì pẹ̀lú ariwo. Páálí súìtì ni.

"Kì í ṣe òun," ni Màmá wí. "Èmi ni. Ó mọ̀ pé èmi ni."

Wọ́n rò ó fún ọmọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò yọ kankan sílẹ̀. Bíyìí wo páálí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Ìtẹ́olúwa, ẹ̀jẹ̀ sì kúrò lójú rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí Ìtẹ́olúwa ń bẹ̀rù ti dé.

Màmá yí sí ọmọbìnrin náà, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kúnlẹ̀. Dókítà Veronica tó ń wọlé bọ̀ kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tó rí dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìtẹ́olúwa sáré síwájú, ó gbá Màmá mú lábíyá kí orúnkún wọn tó kan ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló wá kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó di ẹrù sí mi lọ́rùn."

"Mo pè ẹ́ ní ahun," ni Màmá wí, omi ń dà lójú wọn. "Ìwọ fi ọkọ tọrẹ nítorí mi."

Bíyìí ṣì dúró, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ògiri. Ìtẹ́olúwa gbé ojú sókè sí i láti ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí.

"Bíyìí, ọ̀rọ̀ tó o sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ṣé látọkàn wá ni? Ṣé o ti dárí ẹ̀ jì mí?"

"Mo ti dárí ẹ̀ jì ẹ́."

"Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ìdáríjì tó o fún mi, mo ti gbé e fún Màmá. Má gbà á padà."

Bíyìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wọn mú, ó sì sun ẹkún tó ti ń dì mọ́ra láti Sátidé. Màmá ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Nígbà tó dìde, ó na ọwọ́ sí Ìtẹ́olúwa, ó fà á dìde. Kò ní òrùka lápò, kò sì múra ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Màmá ti ń béèrè ọ̀nà Rosenberg, níbi tí àwọn òbí ọmọbìnrin náà wà, wọ́n ní bó pẹ́ jù, Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn ń lọ tọrọ rẹ̀. Ìtẹ́olúwa wo Màmá, ó wo Bíyìí.

"Mo gbà," ó ní, ó sì ní láti tún un sọ, nítorí ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́.